Kí ni àwọn èèyàn máa ń tẹ̀ sí Google kí wọ́n tó rí ọjà wa? Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ dá sí i

Ekimogun_Agbe (Oǹdó)
Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ kòkó ni mò ń tà nílùú Oǹdó níbí, èyí tí a gbìn sínú ọ̀rá títí tó fi tó gbé lọ sóko. Mo ń ta ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pẹ̀lú. Àbúrò mi kan bá mi ṣe sáìtì, ó sì rẹwà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àwòrán wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, kódà orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe kòkó, Theobroma cacao, ló fi ṣe àkọlé gàdàgbà.

Ẹni tó ń pè látorí rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó tún ń dùn mí ni pé àwọn tó ń pè gan-an kì í ṣe oníbàárà mi. Ẹnìkan fẹ́ ra kòkó lílọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Òmíràn ní èló ni mo ń ra kílò kòkó gbígbẹ.

Wọ́n ní "SEO" ni mo nílò, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n fi ń mú kí sáìtì tètè yọ lórí Google. Ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe é pe owó gọbọi, kò sì ṣàlàyé nǹkan kan tó yé mi. Kí n tó na owó, mo fẹ́ bi yín: báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ ra ọjà òun ń tẹ̀ sórí fóònù wọn? Ṣé mo lè wò ó fúnra mi?

---

WebDokita (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ajé, 8:52 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ yìí, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ ṣí Google lórí fóònù yín ní incognito, kí àwọn nǹkan tí ẹ ti ń wá tẹ́lẹ̀ má baà da ìdáhùn rú. Ẹ tẹ "cocoa seedlings", ẹ fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ dúró. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Àwọn gbólóhùn kan máa tò sísàlẹ̀. Inú ohun tí àwọn èèyàn ń wá lóòótọ́ ni Google ti ń ṣà wọ́n, ó sì ń wo ibi tí ẹ wà àti èdè tí ẹ ń lò. Tí ẹ bá ka ìyẹn tán, ẹ fi lẹ́tà kan kún un: "cocoa seedlings a", "cocoa seedlings f", "cocoa seedlings p". Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú: "how many cocoa", "how long cocoa", "price of cocoa". Ẹ mú bírò, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí ẹ bá wá tẹ ọ̀kan wọlé, ẹ wo àárín ojú ewé níbi tí wọ́n kọ "People also ask" sí. Ìbéèrè pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀, bí ẹnu èèyàn ṣe sọ ọ́. Tí ẹ bá tẹ ọ̀kan, òmíràn á tún jáde.

Èyí tó kù ni Search Console. Google ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n sáìtì tiyín nìkan lẹ lè fi wò. Ó máa fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ kí sáìtì yín tó yọ sí wọn hàn yín, iye ìgbà tó yọ, iye èèyàn tó tẹ̀ ẹ́, àti ipò tó wà. Ó ń tọ́jú rẹ̀ fún oṣù 16. Àbúrò yín á fi kóòdù kan sí sáìtì láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kò ju ìyẹn lọ.

---

IyaAlaso_OjaOba (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ajé, 10:03 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kàn ń fi Google dẹ́rù bà wá. Láti ìgbà tí mo ti ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, kò sẹ́ni tó Google mi rí. WhatsApp status ni mò ń gbé ọjà mi sí. Ẹni tó bá rí aṣọ tó wù ú á ní "Màmá, èló ni?" Ó parí.

---

AgentFUTA (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ajé, 10:40 àárọ̀

Màmá, ẹ jàre lórí tiyín, torí ẹni tó ń wo status yín ti ní nọ́ńbà yín. Ẹni tí ò mọ̀ yín rí ńkọ́? Ọmọ tó rí admission sí FUTA, yunifásítì Àkúrẹ́ níbí, láti Ìlọrin tàbí Kàdúná, tí ò ní ẹ̀gbọ́n, tí ò ní àǹtí ní Àkúrẹ́, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ilé ni mò ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kọ "Premium Student Accommodation in a Serene Environment" sí iwájú sáìtì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló ń tẹ "serene"? Nígbà tí mo dá dúró, mo padà lọ ka gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ti kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo dà wọ́n jọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: "self con apatapiti". "self contain close to futa south gate". "room and parlour aule". "pls any hostel wey get water for north gate".

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sẹ́ni tó dárúkọ táìlì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ POP. Bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn onílé máa ń fi kún ìpolówó bámúbámú nìyẹn. Omi ni ọmọ ń béèrè. Bó ṣe jìnnà sí géètì ló ń béèrè. Mo ṣe ojú ewé tirẹ̀ fún Apatapiti, mo ṣe ti Aule, mo ṣe ti North Gate, mo kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá kànga ni wọ́n ń lò tàbí borehole, àti iye ìṣẹ́jú tí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ rìn dé géètì. Ní báyìí, ẹni tó bá pè mí ti mọ ilé tó fẹ́ kó tó pè. Ìrìn òfìfo ti dín kù gan-an.

---

WebDokita (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ajé, 11:15 àárọ̀

@AgentFUTA o ti sọ ọ́. Àpò ìwádìí tó dáa jù ni WhatsApp àti ìwé ìpè inú fóònù ẹni.

Ẹ̀gbọ́n Ekimogun, ìdí tí àwọn tí kì í ṣe oníbàárà fi ń pè yín nìyí. Lọ́dún 2002, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Andrei Broder, kọ̀wé lórí ohun tó máa ń wà lọ́kàn ẹni tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pín in sí mẹ́ta. Àwọn kan fẹ́ mọ nǹkan. Àwọn kan ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ, sáìtì pàtó ni wọ́n ń wá. Àwọn kan fẹ́ ṣe nǹkan: kí wọ́n rà, kí wọ́n gbà á sórí fóònù, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó tẹ "cocoa price today" ní kòkó gbígbẹ nílé, ó fẹ́ tà. Ẹni tó tẹ "cocoa powder" wà ní kíṣìnì. Ẹni tó tẹ "Theobroma cacao" ní iṣẹ́ àṣetiléwá láti ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gbẹ́ ihò sóko. Tí àkọlé yín bá wá jẹ́ "Cocoa" lásán, gbogbo wọn ló máa ya wọlé.

Torí náà ẹ má wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe gbajúmọ̀ tó nìkan. Ẹ bi ara yín pé: ẹni tó tẹ èyí, kí ló fẹ́ ṣe lẹ́yìn tó bá rí ìdáhùn?

---

OmoOndo_Dublin (Ireland)
Ọjọ́ Ajé, 1:27 ọ̀sán

Ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ó jọ pé èmi gan-an ni ẹni tí ẹ ń wá.

Bàbá mi ní ilẹ̀ lọ́nà Ilé-Olúji. Bàbá ò lo Google rí, wọn ò sì ní lò ó. Lọ́dún 2024 tí iye kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, gbogbo àwa ọmọ tó wà lókè òkun la rántí ilẹ̀ bàbá wa lẹ́ẹ̀kan náà! Mo jókòó sórí bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo ń tẹ̀: "how much to plant 5 acres of cocoa in Nigeria". "how many cocoa per acre". "how many years before cocoa fruit". "where to buy good cocoa seedlings ondo state".

Ohun tí mo rí: héktà, héktà, héktà. Gbogbo wọn ló ń fi héktà ka ilẹ̀. Ta ló ń ra ilẹ̀ ní héktà nílé wa? Éékà ni bàbá mi mọ̀, tàbí plọ́ọ̀tì. Mo ní láti jókòó máa ṣírò. Sáìtì tó bá sọ fún mi ní éékà, owó mi ibẹ̀ ló máa lọ.

---

Ekimogun_Agbe (Oǹdó)
Ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán

Háà! Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí fóònù nìyí lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí Google náà.

Ẹ̀gbọ́n Dublin, ẹ gbọ́. Tí a bá fi mítà 3 sí mítà 3 sílẹ̀ láàárín igi kan àti èkejì, héktà kan máa gba 1,111. Éékà kan máa gba bí 450. Éékà 5 yín á gba bí 2,250, ṣùgbọ́n ẹ rà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí díẹ̀ á kú, ẹ ní láti dí àyè wọn. Plọ́ọ̀tì wa tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò gbà ju bíi 74 lọ. Kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ fẹ́ ibòòji, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mọ́ ọn.

---

WebDokita (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ajé, 2:11 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ kọ yìí gan-an ni ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe tún un kọ. Ẹ gbé e síbẹ̀ bó ṣe wà, kí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "How many cocoa seedlings per acre?" Kí ìdáhùn wà nínú ìlà àkọ́kọ́. Ìtàn kòkó ní Nàìjíríà lè wà nísàlẹ̀ tó bá wù yín.

Ẹ̀kọ́ tí Dublin kọ́ wa ni pé ẹni tó ń gbìn àti ẹni tó ń wá kì í ṣe ẹnì kan náà. Ọmọ ló ń wá fún bàbá. Ọmọ ló ní dátà, ọmọ ló ní káàdì ìsanwó. Ṣùgbọ́n bàbá ló máa sọ pé irú kòkó yìí dáa tàbí kò dáa.

---

Baba_Koko (Ọ̀nà Ìdànrè)
Ọjọ́ Ajé, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ṣe fún ọmọ mi tó ń ta kòkó. Nítorí pé àwọn èèyàn ń wá "kòkó ọdún méjì", má wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kòkó rẹ máa so lọ́dún méjì gbáko. Àwọn irú tuntun tó ti ọ̀dọ̀ CRIN (ilé ìwádìí kòkó) wá ní Ìbàdàn, wọ́n ń tètè so lóòótọ́, ọdún 2 sí 3 lẹ́nì kan máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí èso tó bá tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ kò ní kún ọwọ́ lọ́dún náà. Ẹni tó bá fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbìn ín, tó ń retí àpò kòkó lọ́dún kejì, ìwọ ló máa wá bá.

Ohun kejì: àwa àgbà kì í pè é ní "improved hybrid". "Amazon" là ń pè é, èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ ni "Amelonado". Tí ọmọ mi bá pè mí láti òkè òkun pé irú wo ni kí òun rà, orúkọ tí mo máa sọ fún un nìyẹn. Kó wà lórí sáìtì rẹ.

---

WebDokita (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ajé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé é gan-an, Bàbá. A kí ọmọ-ọmọ o.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí Bàbá sọ yìí lágbára. Google fúnra wọn ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé nínú ohun tí wọ́n ń wá lójúmọ́, nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 ni ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó lè ka gbogbo ọ̀nà tí èèyàn ń gbà béèrè nǹkan tán. Ẹ kàn kọ̀wé bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, kí orúkọ àwọn àgbà àti orúkọ àwọn ọmọ jọ wà níbẹ̀.

---

OkeIdanre (Ìdànrè)
Ọjọ́ Ajé, 8:33 alẹ́

Tèmi kúrú. Àlejò ni mò ń mú gun òkè. Ìwé pélébé tí wọ́n ń pín kiri lórí Òkè Ìdànrè, ẹwà àti àṣà ló kún un. Ìbéèrè tí àlejò ń bi mí: àtẹ̀gùn mélòó ni? (Ó lé ní 600.) Ṣé ìyá mi lè gùn ún? Láti Àkúrẹ́, èló ni mọ́tò? Mo ti kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú ewé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kà á tán, bàtà tó máa wọ̀ ló kù tó máa béèrè.

---

Akowe_Alagbaka (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ìbéèrè mi fún Dókítà. Mo wọ Google Trends, níbi tí wọ́n ti ń fi bí àwọn èèyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kan hàn, mo yan Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo tẹ "cocoa seedlings", wọ́n ní dátà ò tó. Ṣé kò sẹ́ni tó ń wá a ni?

Èkejì, ọ̀rọ̀ "Ondo" yìí ń da mí láàmú. Mo ń bá ilé ìtura kan ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ níbí. Àwọn kan á pè pé àwọn rí wa nígbà tí àwọn tẹ "hotel in Ondo", bẹ́ẹ̀ ìlú Oǹdó ni wọ́n ń lọ. Àwọn mìíràn á tẹ "Ondo", Àkúrẹ́ ni wọ́n sì ń bọ̀, torí ìpínlẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn.

---

WebDokita (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Kò túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń wá a. Trends kì í ka èèyàn. Ó máa ń mú ìgbà tí wọ́n wá nǹkan náà jù lọ, ó pè é ní 100, ó wá fi èyí tó kù wé e. Tí iye bá kéré jù, kò ní fi nǹkan kan hàn. Ẹ yan Nàìjíríà lápapọ̀, kí ẹ fà á sẹ́yìn sí ọdún 5, ẹ óò rí oṣù tó máa ń gòkè àti èyí tó máa ń wálẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ni wọ́n ń gbin kòkó, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ojú ewé jáde nígbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò ti pẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ iye ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan, Keyword Planner ti Google wà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì ìpolówó Google. Ẹni tí kì í náwó síbẹ̀ kò ní rí ju "láti 10 sí 100" tàbí "láti 100 sí 1,000" lọ. Ó tó fún wa.

Ọ̀rọ̀ Oǹdó: ẹ kọ "Akure, Ondo State" sí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ìlú bá ti yọ, kí ẹ̀gbọ́n Ekimogun kọ "Ondo town, Ondo State". Kí ẹ̀yin méjèèjì sì forúkọ sílẹ̀ lórí Google Business Profile, kí ẹ gbé ibi tí ẹ wà gan-an sórí máàpù. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá tẹ "near me", Google máa ń wo mẹ́ta: bí iṣẹ́ yín ṣe bá ohun tó ń wá mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí i, àti bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀ yín tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oníbàárà tó fẹ́ràn yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Àti pé àwọn tó ń fi Yorùbá wá nǹkan ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọn kì í fi àmì sí i. "bi a se n gbin koko" ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ fi àmì sí ohun tí ẹ bá kọ, ó yẹ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ "cocoa" sí tòsí rẹ̀, kí ẹni tó ń wá kókò tí wọ́n ń sè jẹ má baà já sí ọ̀dọ̀ yín.

---

SharpSharp001
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:46 ọ̀sán

Ẹ̀yin ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ kọ "cocoa seedlings Ondo cocoa seedlings Akure best cocoa seedlings" ní ìgbà ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀ sáìtì, kí ẹ fi àwọ̀ funfun kọ ọ́ sórí funfun. Ojú èèyàn ò ní rí i, Google á rí i. Ẹ tún kó gbogbo kí-wọ́ọ̀dù (ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá) sínú meta keywords, àyè ọ̀rọ̀ tó fara pamọ́ sínú kóòdù sáìtì. Mo lè bá yín ṣe é ní owó pọ́ọ́kú.

---

WebDokita (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:02 ọ̀sán

Ẹ má dá a lóhùn o. Láti ọdún 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wo meta keywords láti fi to sáìtì sípò. Ti ọ̀rọ̀ funfun lórí funfun, ó wà nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ gbangba. Tí wọ́n bá mú sáìtì yín, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín ò sì ní gbé fóònù mọ́.

---

Alabojuto
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

SharpSharp001, a kì í polówó iṣẹ́ nínú yàrá yìí. Èyí ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

---

Ekimogun_Agbe (Oǹdó)
Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Mo ti dé o. Àbúrò mi ti ṣí Search Console, a jókòó tì í lálẹ́ òní. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọ̀rọ̀ tó mú sáìtì wa yọ jù ni "theobroma cacao classification". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́! Wọ́n rí wa dáadáa, wọn ò sì tẹ̀ wá, torí pé àwòrán ọ̀rá àti nọ́ńbà fóònù ni a ní fún wọn.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni "cocoa price today". Kò sẹ́ni tó tẹ ìyẹn náà.

Ẹ wá gbọ́ o. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí "cocoa seedlings for sale in ondo town", ipò 14. Mo rí "plantain suckers ondo", ipò 11. Àwọn yẹn ni èèyàn mi! Ìgbà tí wọ́n yọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rí wa níbẹ̀ tẹ̀ wá. Dókítà, ipò 14 yẹn, ojú ewé kejì ni àbí?

---

WebDokita (Àkúrẹ́)
Ọjọ́bọ̀, 9:41 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ojú ewé kejì, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn kì í sábà dé. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ ni. Google ti mọ̀ pé ẹ wà, ó kàn ń wò ó pé ṣé ìdáhùn yín tó ni. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ipò 8 sí 20 ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe èyí tí ò sí rárá.

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ojú ewé tirẹ̀ lórí sáìtì yín, mo ti lọ wò ó. Ìlà kan ṣoṣo ló ní lábẹ́ "Our Products". Ẹ ṣe tirẹ̀. Ẹ yọ Theobroma kúrò nínú àkọlé, ẹ gbé e sísàlẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí iye tí ẹ rí nínú Search Console ò bá pé: àwọn ọ̀rọ̀ tí èèyàn díẹ̀ nìkan tẹ̀, Google máa ń fi wọ́n pa mọ́ nítorí àṣírí àwọn tó tẹ̀ wọ́n.

---

Akowe_Alagbaka (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ẹtì, 7:05 àárọ̀

Ṣùgbọ́n Google fúnra rẹ̀ ti ń fi AI kọ ìdáhùn sókè báyìí. Tí mo bá béèrè iye kòkó inú éékà kan, ó máa sọ ọ́ fún mi, mi ò sì ní tẹ sáìtì ẹnikẹ́ni. Kí wá ni èrè ojú ewé tí ẹ ń ní kí ẹ̀gbọ́n kọ?

---

OmoOndo_Dublin (Ireland)
Ọjọ́ Ẹtì, 9:18 àárọ̀

AI lè sọ 450 fún mi. Kò lè gbé 2,250 lọ sí Ilé-Olúji. Mo ṣì ń wá ẹni tó ní ọkọ̀, tó ní ọ̀rá nílẹ̀, tí mo lè rí àwòrán ibi tó ti ń gbìn ín. Ẹ̀gbọ́n Ekimogun, mo ti wo sáìtì yín. Ó dáa, ṣùgbọ́n iye owó kò sí níbẹ̀. "Call for price" lẹ kọ. Mo ti pa á dé nígbà yẹn.

---

IyaAlaso_OjaOba (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ẹtì, 10:12 àárọ̀

Kí ló dé tó fi máa kọ iye owó? Ṣé kí àwọn tó ń bá a díje rí i, kí wọ́n fi náírà mẹ́wàá dín in? Ọjà tí a ń ná ni ọjà. Tí o bá kọ iye owó, o ti ti ilẹ̀kùn ìdúnàádúrà.

---

AgentFUTA (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ẹtì, 10:30 àárọ̀

Màmá, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ lọ tẹ orúkọ ọjà yòówù sí Google kí ẹ wo ohun tó máa yọ sísàlẹ̀: "price", "price in Nigeria", "how much". Ohun tí wọ́n ń béèrè gan-an la ń fi pa mọ́ fún wọn. Àwọn tó ń bá a díje ti mọ iye tó ń tà tipẹ́, oníbàárà nìkan ni kò mọ̀.

---

IyaAlaso_OjaOba (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ẹtì, 10:44 àárọ̀

Lórí kòkó, mo gbà. Lórí aṣọ, rárá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan aṣọ òkè gidi kò ní ná an bí ẹni tó wò ó lórí fóònù.

---

Ekimogun_Agbe (Oǹdó)
Ọjọ́ Ẹtì, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé iye owó ń yí padà. Ọ̀rá wọ́n, epo ọkọ̀ wọ́n, mi ò fẹ́ kí ẹnìkan mú iye ọdún tó kọjá wá bá mi jà.

---

WebDokita (Àkúrẹ́)
Ọjọ́ Ẹtì, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kọ oṣù sí i. "Iye rẹ̀ nínú oṣù yìí, fún ẹni tó bá ra ọmọ kòkó 100 sókè, láìka owó ọkọ̀." Tó bá yí, ẹ yí i. Kí owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀: Àkúrẹ́ èló, Ilé-Olúji èló, Ọ̀wọ̀ èló. Àwọn ìlú yẹn ni wọ́n á máa tẹ̀ mọ́ orúkọ kòkó.

---

Ekimogun_Agbe (Oǹdó)
Ọjọ́ Àìkú, 6:50 ìrọ̀lẹ́

A ti gbé ti éékà jáde, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ á tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ yìí. Iye owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ oṣù. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ síbẹ̀ náà, pé ọdún 2 sí 3 ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í so àti pé kò ní kún ọwọ́ lọ́dún náà, mo sì kọ "Amazon" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n Dublin, mo ti kọ owó ọkọ̀ Ilé-Olúji síbẹ̀. Ṣé ọ̀nà oko bàbá yín ṣeé gbé mọ́tò wọ̀ nígbà òjò, àbí títì ni kí a já a sí?

---

OmoOndo_Dublin (Ireland)
Ọjọ́ Àìkú, 8:02 alẹ́

Ẹ já a sí títì. Màá pe bàbá lọ́la kí n bi wọ́n bóyá afárá ọ̀nà oko ṣì wà.